Ilẹ̀ Mì ní Antioku: Ẹ̀ṣẹ̀ Ta Ni?

Bíbélì kíkà: Luku 13:1-5

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi láti oṣù kejì ọdún 2023. Gbèsè ni lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ san án.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù náà, ilẹ̀ mì ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì àti Síríà. Nígbà tí a pàdé fún ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ìròyìn náà ló gba gbogbo ẹnu. Alàgbà kan dìde, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìlú Antioku tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristiẹni wà lára ibi tó wó. Wọ́n kọ Jésù sílẹ̀, wọ́n bá ẹ̀sìn mìíràn lọ. Ọlọ́run ló ń bá wọn jà." Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí, àwọn kan tilẹ̀ ké Halleluyah.

Màmá kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí kò mi orí. Opó ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ilé náà wó lù ú, ó sì kú. Nígbà tí a ka oore-ọ̀fẹ́ tán, Màmá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ tèmi dá tí ilé fi wó lù ú?"

Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀." Mo yára wọ ọkọ̀ mi. Ẹ̀yin ará, ìdáhùn ọ̀lẹ ni mo fún ìyá yẹn. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí lónìí.

KÍ LÓ Ń MÚ KÍ ILẸ̀ MÌ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀ràn kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, tí a rò pé ó dúró gbọn-in, kì í ṣe odidi kan. Bí a bá se ẹyin jinná, tí a fi ṣíbí gbá a káàkiri, èèpo rẹ̀ á sán sí ọ̀nà púpọ̀, síbẹ̀ kò ní ṣí kúrò lára ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ni èèpo ayé rí. Ó là sí pẹlẹbẹ ńláńlá bíi méje àti àwọn kéékèèké mìíràn. Àpáta ni àwọn pẹlẹbẹ wọ̀nyí. Wọ́n nípọn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, wọ́n sì ru òkun àti ilẹ̀ gbígbẹ sórí. Ooru ńlá wà nínú ayé lọ́hùn-ún tí kò jẹ́ kí àpáta ìsàlẹ̀ dúró sójú kan, nítorí náà àwọn pẹlẹbẹ tó wà lókè pẹ̀lú ń rìn. Ìrìn wọn kò yá rárá. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni lọ́dún, bí èékánná ọwọ́ wa ṣe ń hù.

Ibi tí pẹlẹbẹ méjì ti pàdé ni wàhálà wà. Níbì kan, wọ́n ń ya kúrò lára ara wọn, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun Atlantic láàárín Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Níbòmíràn, ọ̀kan ń wọ abẹ́ èkejì, bí ó ti rí ní Japan àti Chile. Irú ibẹ̀ ni òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sí. Irú ibẹ̀ náà ni ìsàlẹ̀ òkun ti lè ta sókè lójijì, tí omi á sì ya bo etíkun, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Indonesia ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, tó pa ju 200,000 ènìyàn lọ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ara wọn kọjá, bí ti California ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀kùn pákó tí òjò mú wú. Èèyàn á tì í, kò ní ṣí. Á tún fi èjìká tì í, kò ní mì. Lójijì ló máa ṣí gbàà, tí ẹni tó ń tì í á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni etí àwọn pẹlẹbẹ yìí ṣe ń há mọ́ ara wọn. Agbára tó ń tì wọ́n kò dúró. Ó lè máa pọ̀ sí i fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí àpáta kò bá lè gbà á mọ́, á já, á yọ̀ lọ lójijì, gbogbo ilẹ̀ á sì gbọ̀n. Òun ni à ń pè ní ìmìtìtì ilẹ̀, tí Bíbélì wa àtijọ́ pè ní ìsẹ̀lẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Tọ́kì jókòó sórí pẹlẹbẹ kékeré kan tó há sáàárín àwọn àgbà. Pẹlẹbẹ ilẹ̀ Arébíà ń tì í láti ìhà gúúsù, pẹlẹbẹ Yúróòpù àti Éṣíà dúró bí ògiri ní àríwá, tiwọn sì ń yọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀díẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 17 ní ọjọ́ tí mo wí yẹn, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń sùn, ìlà tó há náà já. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.8. Ibi tí ilẹ̀ ti là gùn tó 300 kìlómítà, bí ìgbà tí èèyàn bá wakọ̀ láti Èkó dé Ìlọrin. Ibòmíràn wà tí apá kan ilẹ̀ fi ju mítà mẹ́ta lọ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́sàn-án, òmíràn tún dé, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 7.5. Ó ju 50,000 ènìyàn lọ tó kú ní Tọ́kì nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú ní Síríà. Ìlú Antakya, tíí ṣe Antioku inú Bíbélì, wà lára àwọn tó bàjẹ́ jù lọ.

ṢÉ ÌDÁJỌ́ NI?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ alàgbà wa. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ẹ̀sìn ni ilẹ̀ ṣe mì, kí ni a ó sọ nípa ọdún 526? Ní ọdún náà, Antioku kún fún Kristiẹni, ó sì wà lára àwọn ìlú tó gba iwájú nínú ìgbàgbọ́ ní gbogbo ayé. Àjọ̀dún Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa ló kó àlejò kún ìlú nígbà tí ilẹ̀ mì. Àwọn òpìtàn ìgbà náà kọ ọ́ pé ó tó 250,000 ẹni tó kú. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀ kò ṣẹ́kù. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 115, ilẹ̀ ti mì níbẹ̀ nígbà tí Késárì Trajan fúnra rẹ̀ wà nínú ìlú.

Ìlà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Antioku kì í bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2023 yìí náà, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti àwọn Orthodox wó, mọ́sálásí àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Habib-i Neccar náà wó. Kristiẹni àti Mùsùlùmí jọ ń fi ọwọ́ wú òkúta láti wá ọmọ wọn.

Ilẹ̀ Bíbélì gan-an wà létí pẹlẹbẹ. Àfonífojì Jọ́dánì àti Òkun Iyọ̀ wà lórí ìlà tí pẹlẹbẹ Arébíà àti ti Áfíríkà ti ń ha ara wọn kọjá, ìlà yẹn ló sì gòkè lọ títí dé agbègbè Antioku. Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà pé ìsẹ̀lẹ̀ kan ni wòlíì Amosi fi ṣírò àkókò iṣẹ́ rẹ̀ (Amosi 1:1). Nígbà tí Èlíjà wà lórí òkè Horebu, ilẹ̀ mì níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe ibẹ̀ ni Olúwa wà. Nínú ohùn jẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e ni wòlíì ti gbọ́ ti Ọlọ́run (1 Àwọn Ọba 19:11-13).

Àwọn kan á ní, "Ṣebí Jésù sọ pé ìsẹ̀lẹ̀ yóò wà?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Matteu 24. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ló ti ní kí a má jáyà, pé òpin kò tíì dé. Ó fẹ́ kí a wà ní ìmúrasílẹ̀. Kò rán wa pé kí a máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọnìkejì wa lọ́rùn.

Ohun tí Màmá bi mí, wọ́n ti bi Jésù rí. Ilé-ìṣọ́ kan wó ní Siloamu, ó pa ènìyàn 18. Jésù bi àwọn tó yí i ká bóyá wọ́n rò pé àwọn méjìdínlógún yẹn burú ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé rárá. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí àwọn tó wà láàyè, ó ní kí wọ́n ronú pìwà dà. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ó kọ́kọ́ yọ òkú kúrò nínú ẹ̀sùn, kó tó wá pe àwa tó ṣẹ́kù sí ìrònúpìwàdà. Àwa wá ń ṣe é lódì: a ń dá òkú lẹ́bi, a sì ń dá ara wa láre.

OHUN TÓ PA WỌ́N

Kí wá ni alààyè máa ronú pìwà dà lé lórí? Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 2010. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní, ilẹ̀ mì ní Haiti, níbi tí àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ń gbé. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0, ó sì pa ju 100,000 ènìyàn lọ. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí oníwàásù kan fi sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà pé àwọn baba ńlá wọn ló bá èṣù mulẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún kan náà, ilẹ̀ mì ní Chile, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 8.8. Àwọn onímọ̀ ní bí ìwọ̀n bá fi 1 péré lé sí i, agbára á di bí ìlọ́po 32. Èyí ni pé ti Chile fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára ní ìlọ́po 500 ju ti Haiti lọ. Síbẹ̀, nǹkan bí 500 ènìyàn ló kú ní Chile.

Ṣé àwọn ará Chile mọ́ ju àwọn ará Haiti lọ ni? Rárá o. Ní ọdún 1960, ilẹ̀ mì ní Chile, ìwọ̀n 9.5, èyí tó lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí tí a tíì wọ̀n láyé. Wọ́n kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n ṣe òfin lórí bí a ṣe ń kọ́lé, wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Haiti jẹ́ tálákà, ìlú kún fún ilé tí kò ní irin tó, tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó. Ìyàtọ̀ inú irin, inú sìmẹ́ǹtì àti inú òfin ló wà.

Tọ́kì ní òfin. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní apá ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1999, tó pa ju 17,000 ènìyàn lọ, wọ́n mú òfin ilé kíkọ́ le sí i. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo yanrìn tí kò dára. Àwọn kan gé òpó ìsàlẹ̀ ilé kúrò kí ṣọ́ọ̀bù lè fẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba ní kí ẹni tó bá ti kọ́lé lòdì sí òfin wá sanwó kí ó gba ìwé, ọ̀pọ̀ sì sanwó. Ìwé jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ ìwé kà. Nígbà tí ilé ti wó tán ni wọ́n ń mú àwọn agbaṣẹ́ṣe kiri.

ILẸ̀ TIWA KÒ MÌ, ILÉ WA Ń WÓ

Orílẹ̀-èdè tiwa wà láàárín pẹlẹbẹ Áfíríkà, ó jìnnà sí etí. Oore Ọlọ́run ni. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kì í mì níhìn-ín rárá, nítorí ìlà àtijọ́ wà nínú àpáta. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984, àti ní Mpape ní Abuja ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ní Accra ní Ghana, ó wó ilé ó sì pa ènìyàn ní oṣù kẹfà ọdún 1939. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni tiwa lára ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rí.

Ẹ wá sọ fún mi: ilẹ̀ wo ló mì ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ fi wó, tó pa ju 40 ènìyàn lọ? Ilẹ̀ wo ló mì ní Jos ní oṣù keje ọdún 2024, tí ilé ẹ̀kọ́ fi wó lu àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì? Àwọn ará Tọ́kì rí ilẹ̀ dá lẹ́bi. Àwa kò rí.

Kí n má fi ara mi pamọ́ fún yín. Nígbà tí a ń kọ́ gálárì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan nínú ìjọ sọ pé irin tí ìgbìmọ̀ fẹ́ rà tínrín jù, pé òpó náà kò sì tó. Owó kò tó wa lọ́wọ́. Èmi pásítọ̀ ni mo dìde, tí mo ní, "Ọlọ́run tí a ń kọ́lé fún kò ní jẹ́ kó wó." Gbogbo ìgbìmọ̀ ṣe Àmín. Ọmọ náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. A kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, a sì ń kó àwọn ọmọdé akọrin sórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Ìbéèrè Màmá kò jẹ́ kí n sùn. Mo pe ẹnjiníà náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó wá yẹ gálárì wò. Ó rí ibi tó ti ń sán. A tì í pa fún oṣù mẹ́fà, a fi òpó kún òpó. Owó tí a fi tún un ṣe ju owó tí a rò pé a fi pamọ́ lọ. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn: àdúrà kì í rọ́pò irin. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà náà ló pa á láṣẹ fún Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé (Deutaronomi 22:8). Òfin ilé kíkọ́ nìyẹn, inú Ìwé Mímọ́ ló wà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ahọ́n wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí àjálù bá dé bá ìlú kan, kí á tó sọ pé Ọlọ́run ń bá wọn jà, kí á rántí pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè jókòó lẹ́yìn wa.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ilé wa. Kí onílé má ṣe gbé àjà kejì lé ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ilé ilẹ̀. Kí bíríkìlà tó jẹ́ Kristiẹni má ṣe jí sìmẹ́ǹtì oníṣẹ́. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì má ṣe gba ẹ̀yìn fọwọ́ sí ìwé ilé tí kò yẹ̀ wò. Bí òpó bá sán, kí á kó ènìyàn jáde ná kí á tó pe ìpàdé àdúrà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní California tàbí Japan, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ilẹ̀ bá mì: kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, kí wọ́n dì í mú títí yóò fi dáwọ́ dúró, kí wọ́n jìnnà sí gíláàsì, kí wọ́n má sì sáré lọ sí orí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a la ọwọ́ wa. Nígbà tí Agabu sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ń bọ̀, ìjọ Antioku kò jókòó ṣe ìwádìí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará Judea. Oníkálukú mú ohun tó ní wá, wọ́n sì fi rán Barnaba àti Sọ́ọ̀lù (Ìṣe Àwọn Aposteli 11:27-30). Antioku ló kọ́ ìjọ ní ìrànlọ́wọ́. Kò yẹ kí Antioku wó kí àwa sì fi ìdájọ́ san án padà.

Màmá mi, ìdáhùn yín rèé, ó pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yín kọ́ ló wó ilé lù ú. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó jẹ owó irin ni, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó rí i tí kò sọ̀rọ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ irú àwa tí a fi Àmín bo ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Jésù kò ka ọmọ yín mọ́ àwọn ẹlẹ́bi Siloamu, èmi náà kò sì ní kà á mọ́ wọn. Ẹ forí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, tu àwọn tí ilẹ̀ àti ilé gba ènìyàn wọn nínú, ní Tọ́kì, ní Síríà, ní Haiti àti ní ilẹ̀ wa. Dárí ìdájọ́ ẹnu wa jì wá. Fún wa ní ọkàn tó bẹ̀rù rẹ nígbà tí a bá ń po sìmẹ́ǹtì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bẹ̀rù rẹ nígbà tí a bá kúnlẹ̀ nílé rẹ. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.